Òjò, ooru àti ọyẹ́ ní Jos, Kánò, Lọ́kọ́jà àti Port Harcourt: kí ni kí ẹni tó ń kó kúrò ní Ìbàdàn mọ̀?

Ará Bódìjà (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ gbé mi kúrò ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní kí n mú ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rin: Jos, Kánò, Lọ́kọ́jà àti Port Harcourt. Owó oṣù kò yàtọ̀, iṣẹ́ náà kò sì yàtọ̀. Ojú ọjọ́ ló ń kọ mí lóminú, nítorí pé ọmọ mi kejì ní ikọ́ fée, ọkọ mi kò sì lè fara da ooru rárá. Gbogbo ohun tí mo ti kà kò ju pé Àríwá gbóná, Gúúsù sì kún fún òjò, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibẹ̀ yípo ọdún, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni àsìkò kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí, kí sì ni èèyàn gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún? Oṣù kọkànlá ni wọ́n ní kí n wọṣẹ́ níbẹ̀.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, ìyá wa. Kí àwọn tó ń gbé ìlú kọ̀ọ̀kan tó fèsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń fa gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa há ìṣesí oṣù kọ̀ọ̀kan sórí. Ẹ̀fúùfù méjì ló pín ọdún Nàìjíríà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi ló rù wá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, gbígbẹ ni, eruku ló sì ń kó bọ̀, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Òun ni ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìn-ín-ní, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìtòsí etíkun, ìdí sì nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń kan Ìbàdàn, tó sì ń dé Èkó pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa gòkè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù kẹjọ, yóò ti ré kọjá ààlà wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Niger. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tún padà sísàlẹ̀, ìpadàbọ̀ rẹ̀ a sì máa yá ju àlọ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní etíkun ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta, ó ń dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó ń dé àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, kì í sì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Sókótó àti Màídúgùrì títí di oṣù kẹfà. Nígbà tí yóò bá lọ, òkè lọ́hùn-ún náà ni yóò ti kọ́kọ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó: òjò Màídúgùrì lọ́dún tó bíi 600 mìlímítà, ti Ìbàdàn ń lọ sí 1,300, ti Port Harcourt ju 2,300 lọ, ti Kàlàbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000.

Ohun kan wà tí àwa ará Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn mọ̀ tí àwọn tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, ìyẹn ni ìsinmi òjò tó máa ń wáyé láti ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ. Àárín ìgbà yìí ni ibi ìpàdé ẹ̀fúùfù jìnnà sí wa jù lọ, omi tútù a sì máa ru wá sókè láti ìsàlẹ̀ òkun nítòsí etíkun wa, tí ojú ọ̀run á ṣú, tí ara á tutù, ṣùgbọ́n tí òjò kò ní í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Kánò kò ní irú rẹ̀, nítorí oṣù kẹjọ yẹn gan-an ni òjò tiwọn máa ń pọ̀ jù lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọkàn tán ìsinmi náà jù. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni àgbàrá sì tún gbé afárá àti ilé lọ ní ìlú kan náà.

Olóko Ṣakí

Òótọ́ ni olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojú ọjọ́ kan náà ló wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, òjò àkọ́kọ́ àti èkejì yàtọ̀ síra kedere, àgbẹ̀ sì lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ẹ bá ti ń gòkè bọ̀ ní Ṣakí, Kìṣí àti Ìlọrin, ìsinmi àárín yẹn á máa kúrú sí i, ọdún mìíràn sì wà tí a kì í rí i mú rárá. Òjò tiwa á ti lọ nínú oṣù kẹwàá nígbà tí Èkó ṣì ń rí tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá wa fi sọ́kàn ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ ìjì, ìlú yòówù kí wọ́n mú. Kì í ṣe àárín àsìkò òjò ni páànù ilé máa ń ṣí jù, bí kò ṣe ìgbà àkọ́rọ̀ àti ìgbà àrọ̀kúrọ̀. Ìjì náà kì í ti òkun wá bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, apá ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀. Ojú ọ̀run lápá ibẹ̀ á ṣú dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ rọ́rọ́, ewé kan kò ní í mì, lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù á já wọ ìlú lójijì, tí eruku á bo ojú títì kí ẹ̀kán òjò kan tó kán sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kẹrin, kó yára ká aṣọ lórí okùn. Ilé tí ẹ bá fẹ́ gbà náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe kan òrùlé rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn kí ẹ tó sanwó.

Nọ́ọ̀sì ní Kánò

Ẹ̀gbọ́n mi, Kánò ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì dúró sí, nítorí náà mo lè sọ ti ibẹ̀ láìfi ọ̀kan pe méjì. Àwọn ará ibí kò pín ọdún sí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan bí a ṣe ń ṣe nílé. Wọ́n ní hunturu, tí í ṣe ìgbà ọyẹ́ àti otútù. Wọ́n ní bazara, tí í ṣe ìgbà tí ooru ń le koko kí òjò tó dé. Wọ́n ní damina fún ìgbà òjò, àti kaka fún ìgbà ìkórè. Ẹni tó bá ń lo ìpínsí tiwọn ni yóò mọ bí yóò ṣe múra.

Oṣù kọkànlá tí ẹ ń bọ̀ yẹn, hunturu ni ẹ máa bá. Òwúrọ̀ oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní lè tutù dé 13°C, tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sán, ó ti lè tó 30°C, kí ẹni tó wọ súwẹ́tà jáde láàárọ̀ tún máa wá ibi tí yóò kó o sí. Eruku ni iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Tábìlì tí ẹ nù láàárọ̀, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, omi tí ẹ bu sínú ife tí ẹ kò dé, á ti ní awọ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọkọ̀ òfuurufú kì í lè balẹ̀ nítorí pé awakọ̀ kò rí ilẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ìgbà yìí ni àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée máa ń wọlé tọ̀ wá jù. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ má jẹ́ kí ínhélà tán nílé. Ẹ sì bá dókítà ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn kí ẹ tó gbéra, bóyá ó yẹ kó ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ títí ọyẹ́ á fi kọjá.

Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni ooru. Ó lè kan 40°C lọ́sàn-án, ti Sókótó sì tún ju tiwa lọ. Ooru yìí kò dà bí ti Ìbàdàn. Òógùn kì í ṣàn lára nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti fà á mu, ẹni tí òǹgbẹ kò tíì gbẹ lè ti pàdánù omi púpọ̀ lára. Ẹ máa mu omi kí ara tó béèrè fún un. Láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kẹfà náà ni àrùn tó ń mú ọrùn gan, èyí tí a ń pè ní meningitis, máa ń jà ní ìpínlẹ̀ Àríwá bíi Kánò, Jígáwá, Kátsínà, Sókótó, Kẹ́bbí àti Sàmúfárà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé gbà á kí ẹ tó dé, ẹ má sì kó èèyàn púpọ̀ sùn sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Bí òjò bá ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹfà, ìlú náà á di ibòmíràn: koríko á hù, eruku á dákẹ́, ara á tuni. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni mo fẹ́ràn jù lọ ní Kánò, ẹni tí kò bá sì tíì gbé ibẹ̀ nígbà náà kò gbọdọ̀ bú ìlú yìí.

Káfíńtà ní Port Harcourt

Èmi kì í ṣe oníṣègùn, ìlẹ̀kùn ni mo ń kàn. Ìlẹ̀kùn ni mo sì fi mọ ojú ọjọ́ ibí. Pákó ìlẹ̀kùn tó ṣe wẹ́kú ní oṣù kìn-ín-ní á wú tó bá di oṣù keje, kò ní í tì mọ́, wọ́n á sì ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fá a. Ní oṣù kìn-ín-ní tó tẹ̀ lé e, àlàfo á wà lábẹ́ rẹ̀ tí eku lè gbà wọlé. Kò wọ́pọ̀ kí oṣù kan kọjá níbí láìsí òjò. Oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní nìkan ló máa ń dẹwọ́, ọyẹ́ a sì máa yọjú díẹ̀ nínú wọn. Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ló le jù. Aṣọ tí ẹ fọ̀ lè má gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, bàtà aláwọ tí ẹ kó sábẹ́ ibùsùn á bu, ìṣó á dógùn-ún nínú igi.

Ooru wa kò pọ̀ tó ti Kánò lójú ẹ̀rọ ìwọ̀n, kì í sábà ju 33°C lọ, àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, òru kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀sán. Baálé yín tí kò fẹ́ ooru yóò ráhùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbàlé, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri dáadáa. Bí ọ̀dà tuntun bá wà ní ìsàlẹ̀ nìkan tí òkè sì ti gbó, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀, nítorí omi ló máa ń fi àmì sí ibẹ̀. Dúdú èéfín tó ń bà lé nǹkan láti ìparí ọdún 2016, èyí tí wọ́n ní ó ń ti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì lọ́nà àìtọ́ wá, a tún máa pọ̀ sí i nígbà tí òjò bá dẹwọ́. Ẹ ro ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Ìyá Alásọ Òtútù, Jos

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ ooru, Jos ni kó máa bọ̀. Ilẹ̀ wa ga ju 1,200 mítà lọ sí ojú òkun, gíga yìí ló fà á tí a kò fi mọ ooru tí Kánò ń mọ̀ bí a tilẹ̀ wà ní Àríwá. Nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin tó gbóná jù, kì í sábà ju 32°C lọ. Òjò wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó ń parí ní oṣù kẹwàá, ó sì ń pọ̀ jù ní oṣù keje àti ìkẹjọ láìsí ìsinmi kankan láàrin. Yìnyín a máa bọ́ pẹ̀lú òjò nígbà mìíràn, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sáré jáde lọ ṣà á títí yóò fi dá. Ilẹ̀ tútù yìí ló ń bọ́ wa: pòtétò àti kábéèjì tí ẹ ń jẹ nílé, ọ̀pọ̀ wọn ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ọjà mi máa ń tà. Òru oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní lè rẹlẹ̀ ju 10°C lọ, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní nǹkan tó ń mú yàrá gbóná. Kúbùsù méjì méjì ni kí ẹ rà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀ àti ètè àwọn ọmọ ní alẹ́, torí gìgísẹ̀ a máa là títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní àrùn fòníkúfọ̀ládìde, kó ṣọ́ra fún otútù yìí gidigidi.

Jos nìkan kọ́ ló tutù ní orílẹ̀-èdè yìí o. Òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì, àti òkè Obudu ní Cross River ga ju tiwa lọ, wọ́n sì tutù.

Awakọ̀ Lọ́kọ́jà

Ooru Lọ́kọ́jà, láàrin oṣù kejì sí ìkẹrin, kò ṣeé fẹnu sọ. Inú àfonífojì ni ìlú wà, òkè sì yí i ká, atẹ́gùn kì í ráyè. Ṣùgbọ́n omi ni mo fẹ́ sọ. Ibí ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, nítorí náà òjò tí kò rọ̀ ní Lọ́kọ́jà lè rì Lọ́kọ́jà. Nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà tí òjò ìlú ti ń lọ sópin tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé ewu ti kọjá, ìgbà náà ni odò á kún dé bèbè, tó sì lè bo bèbè mọ́lẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ṣí omi ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù. Ọdún 2012 àti ọdún 2022 ni a rí èyí tó burú jù: ọ̀nà Àbújá di odò, ọkọ̀ wà lójú kan, tòmátì àti iṣu jẹrà nínú wọn. Ẹ má gbàlé ní Gànájà tàbí Àdánkọ́lọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ wá ibi tó ga.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì

Awakọ̀ wa sọ̀rọ̀ gidi. Màídúgùrì náà, tí òjò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, omi bò ó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 nígbà tí ìsédò Alau já. Iye òjò tó ń rọ̀ ní ìlú kan kì í sọ gbogbo ìtàn omi tó lè bá a.

Ará Bódìjà (ẹni tó béèrè)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á gbè yín. Lọ́kọ́jà ti kúrò nínú rẹ̀ fún wa. Ọkàn mi fà sí Jos, ṣùgbọ́n ṣé otútù àti eruku oṣù kọkànlá kò ní í yọ ọmọ náà lẹ́nu bí ti Kánò? Ṣé àsọtẹ́lẹ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, nípa ìgbà tí òjò máa dé ṣeé gbára lé, kí n lè mọ ìgbà tí mo máa kó ẹrù?

Nọ́ọ̀sì ní Kánò

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, mo yapa díẹ̀ sí ìyá wa ní Jos. Otútù gbígbẹ nìkan tó láti mú àyà ọmọ oníkọ́ fée fún pọ̀, kódà bí eruku kò bá pọ̀, Jos sì ń rí méjèèjì pọ̀ nígbà ọyẹ́. Kí ẹ má sì rò pé Port Harcourt ni ààbò, nítorí pé ara ògiri tó ń bu náà a máa dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ohun tó yàtọ̀ ni gígùn àsìkò: ti Jos á fi bíi oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin yọ ọ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin Port Harcourt fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, Jos ni màá mú, ṣùgbọ́n n kò ní í gbé ọmọ náà dé ibẹ̀ ní oṣù kọkànlá.

Olóko Ṣakí

Lórí NiMet: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ jáde, wọ́n á sì kọ ọjọ́ tí wọ́n rò pé òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí ọ̀dá lè ti dáwọ́ òjò dúró láàrin. Èmi a máa fi í ṣe amọ̀nà, n kì í fi í búra. Ohun tó máa ń tan àgbẹ̀ jẹ ni òjò kan tàbí méjì tó rọ̀ dáadáa, tí ilẹ̀ sì wá gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. NIHSA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò, náà ń kọ tirẹ̀ nípa ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé sí, ẹ wo méjèèjì pọ̀.

Ìyá Alásọ Òtútù, Jos

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì dára, mo gbà á. Ìyá ọmọ, ẹ dá nìkan wá ní oṣù kọkànlá, kí ẹ mọ ìlú, kí àwọn ọmọ parí sáà kejì ilé ìwé wọn ní Ìbàdàn. Nínú ìsinmi oṣù kẹrin ni kí ẹ kó wọn wá, nígbà tí òjò kan tàbí méjì bá ti fọ eruku ojú ọ̀run nù. Ilé tí ẹ bá máa gbà kí wọ́n tó dé, ẹ lọ wò ó ní àárọ̀ kùtù oṣù kejìlá tí ọyẹ́ ń fẹ́, kí ẹ dúró nínú yàrá àwọn ọmọ pẹ̀lú ìlẹ̀kùn pípadé, kí ẹ sì gbé ọwọ́ yí etí fèrèsé ká. Ibi tí otútù bá ti ń gba ìka yín wọlé, ibẹ̀ náà ni eruku ń gbà, kí onílé sì dí i kí ẹ tó san owó ọdún.